Ṣé ká dúró sí Bowie, àbí ká kó lọ sí ẹ̀bá Houston? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

ÌyáÌbejì | Sátidé, 9:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ kan ti ń dà mí lọ́kàn rú láti bí oṣù mẹ́ta, mo sì mọ̀ pé àwọn tó ti rin ọ̀nà yìí ṣáájú wa wà láàárín yín.

Bowie là ń gbé, ní Prince George's County, Maryland. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021 la ra ilé wa. A yá 340,000 dọ́là ní èlé 2.875 nínú 100. Ohun tí à ń san lórí rẹ̀ lóṣù, láìtíì ka owó orí ilé àti inṣọ́ránsì, jẹ́ 1,410. Owó orí ilé jẹ́ bí 5,900 lọ́dún. Alágbàtà kan ní tí a bá tà á lónìí, yóò tó 470,000.

Yàrá mẹ́ta ni ilé ọ̀hún. Ọmọ méjì la ní nígbà tí a rà á, mẹ́rin ni wọ́n báyìí. Àkọ́bí mi obìnrin, tó máa wọ kíláàsì kọkànlá, ń bá àwọn ìbejì ọmọ ọdún mẹ́rin sun yàrá kan náà. Inú bàlùwẹ̀ ló ti ń kàwé lóru kí iná má baà jí wọn. Ìyẹn ló ń dùn mí jù.

Àbúrò ọkọ mi wà ní Katy, lẹ́bàá Houston. Gbogbo ìgbà tó bá pè, ọ̀rọ̀ kan náà ni: "Texas kì í gba owó orí lórí owó oṣù. Kí lẹ ṣì ń ṣe níbẹ̀?" A lọ kí wọn nígbà Àjíǹde, wọ́n sì mú wa lọ wo ilé tuntun kan: yàrá márùn-ún, 400,000 dọ́là. Mo dúró láàárín ilé ìdáná, mo na ọwọ́ mi méjèèjì, ọwọ́ mi ò kan nǹkan kan. Ọkọ mi ti ń wo igun tí yóò gbé tábìlì iṣẹ́ rẹ̀ sí.

Nọ́ọ̀sì ni mí nínú Washington, D.C. Kí n tó lè débẹ̀ kí aago méje tó lù, mo gbọ́dọ̀ kúrò nílé ní aago márùn-ún kọjá ogún ìṣẹ́jú. Láti alẹ́ ni mo ti ń wọ bàtà fún àwọn ìbejì kí wọ́n tó sùn, n óò kàn gbé wọn bí wọ́n ṣe wà ni. Ìyá àgbà kan tó wà ní ilé kẹta sí wa ló ń bá mi tọ́jú wọn di ìrọ̀lẹ́. Iná iwájú ilé rẹ̀ máa ń wà ní títàn dè wá. Ohun tí mò ń fún ìyá náà kò tó ìdajì ohun tí jéléósinmi ń gbà lórí ọmọ méjì. Lẹ́yìn ìyẹn ó di orí Beltway, òpópónà tó yí Washington ká, kí ọkọ̀ máa fà tìkọ̀tìkọ̀.

Èmi àti ọkọ mi ń mú bí 150,000 wọlé lọ́dún kí wọ́n tó yọ ohunkóhun. Maryland àti county (ìjọba agbègbè wa) ń gba fẹ́rẹ̀ẹ́ 10,000 nínú rẹ̀. Ṣé kì í ṣe pé owó ń jò lọ́wọ́ wa báyìí? Ẹ bá mi dá sí i.

BàbáKaty | Àìkú, 7:02 àárọ̀

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Tèmi ni pé kí ẹ máa bọ̀.

New Jersey la ti kó wá síbí ní 2018. Owó orí ilé ibẹ̀ wà lára àwọn tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà, owó orí owó oṣù tún ń dúró dè wá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Níbí, ọmọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní yàrá tirẹ̀, ìyá mi sì ní yàrá nísàlẹ̀. Orúnkún ń dun màmá. Ní New Jersey, wọ́n á gun àtẹ̀gùn mẹ́rin, wọ́n á jókòó lórí ìkarùn-ún, wọ́n á mí, kí wọ́n tó gòkè dé yàrá. Mo máa ń gbọ́ ìmí yẹn láti pálọ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́jọ tí n kò ti gbọ́ ọ mọ́.

Owó orí ilé wa kò kéré, n kò ní parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ lè bá a wọ̀yá ìjà. Bí ẹ bá ti wọlé, ẹ kọ̀wé béèrè homestead exemption. Wọ́n gbé e sí 100,000 ní 2023, ìdìbò November 2025 sì tún gbé e sí 140,000. Iye yẹn ni wọ́n máa yọ kúrò nínú iye ilé yín kí wọ́n tó ṣírò owó orí ti ilé ìwé. Lẹ́yìn náà, iye tí wọ́n ń gbé owó orí lé kò lè fi ju 10 nínú 100 gòkè lọ́dún kan. Bí iye tí wọ́n dá lé ilé bá pọ̀ jù, ẹ ní títí di May 15 láti ta kò ó. Èmi máa ń ya fọ́tò ògiri tó sán àti ilẹ̀ gáréèjì tó ń rì, n óò kó o lọ bá wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti dín in kù fún mi.

OníṣiròOwó | Àìkú, 1:40 ọ̀sán

Ìyá Ìbejì, iṣẹ́ owó orí ni mò ń ṣe ní Maryland yìí. Ẹ jẹ́ ká fi iye tí ẹ kọ sílẹ̀ ṣe ìṣirò.

Òótọ́ ni pé Texas kì í gba owó orí lórí owó oṣù. Àwọn mẹ́sàn-án ló wà bẹ́ẹ̀: Alaska, Florida, Nevada, New Hampshire, South Dakota, Tennessee, Texas, ìpínlẹ̀ Washington (kì í ṣe D.C.) àti Wyoming. Ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ ń gbowó oṣù níbẹ̀ pẹ̀lú, wọ́n sì ń tún ọ̀nà ṣe. Ẹnìkan ló ń san án. Ní Maryland, inú owó oṣù yín lẹ ti ń bá agbowó-òde pàdé. Ní Texas, ẹnu ọ̀nà ilé ló máa ń dúró sí. Ẹ ó tún rí i ní ṣọ́ọ̀bù, torí owó orí ọjà lè dé 8.25 nínú 100 níbẹ̀, 6 sì ni tiwa.

Ẹ wo ilé 400,000 yẹn. Àdúgbò tuntun ni. Nígbà tí wọ́n bá ń la àdúgbò tuntun lórí pápá lásán, wọ́n gbọ́dọ̀ ri páìpù omi, kí wọ́n sì gbẹ́ ibi tí àgbàrá máa gbà. Wọ́n máa ń yá owó náà ni, àwọn tó bá ra ilé síbẹ̀ ni yóò sì máa san án padà lọ́dọọdún pẹ̀lú owó orí. Owó MUD ni wọ́n ń pè é (MUD ni àjọ tó ń yá owó náà). Bí àdúgbò bá ṣe tuntun tó ni MUD rẹ̀ sábà máa ń wúwo tó. Ká ní ti county, ti ilé ìwé àti MUD papọ̀ jẹ́ 2.9 nínú 100, ìyẹn 11,600. Ẹ yọ nǹkan bí 1,500 tí exemption tí Bàbá Katy sọ yóò gé kúrò, ó ku 10,100. Ẹ̀yin ń san 5,900 ní Bowie. Àfikún 4,200 nìyẹn.

Ẹ wá wo owó tí ẹ yá, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti ká mi lára. Ẹ ṣì jẹ bí 300,000. Bí ẹ bá tà á ní 470,000, tí ẹ san gbèsè, tí ẹ san owó alágbàtà àti ti ìwé, tó lè tó 30,000, ohun tó máa wọ̀ yín lọ́wọ́ ni 140,000. Ẹ mú 20,000 níbẹ̀ fi kẹ́rù, kí ẹ sì fi jókòó. Láti 2018 ni ìjọba àpapọ̀ kò ti jẹ́ kí á yọ owó ìkẹ́rù kúrò nínú owó orí mọ́, àfi àwọn ológun àti àwọn díẹ̀ mìíràn. Ẹ fi 120,000 sílẹ̀ lórí ilé Katy, ẹ yá 280,000. Ká fi èlé 6.5 ṣe é fún ọgbọ̀n ọdún: 1,770 lóṣù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà. Gbèsè yín á fi 20,000 dín sí ti tẹ́lẹ̀, owó tí ẹ̀ ń san lóṣù á sì fi 360 lé sí i. Ọdún márùn-ún tí ẹ ti san ní Bowie á pa rẹ́, ọgbọ̀n ọdún mìíràn á bẹ̀rẹ̀. 360 lóṣù, 4,300 lọ́dún.

Nínú 10,000 tí ẹ rò pé ẹ ó jèrè, ẹ yọ 4,200, ẹ yọ 4,300. 1,500 ló kù. A ò tíì dárúkọ inṣọ́ránsì. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Awakọ̀Ẹrù | Àìkú, 3:15 ọ̀sán

Mo ń wakọ̀ ẹrù káàkiri Houston, ẹ jẹ́ kí n fi ti ojú ọ̀nà kún un. I-10 tó gba Katy kọjá, níbì kan ó gbòòrò tó ọ̀nà 26 bí ẹ bá ka ti ẹ̀gbẹ́ mọ́ ọn, síbẹ̀ ó ń dí láàárọ̀. Ẹni tó bá ń sá fún un á gba Westpark Tollway tàbí Grand Parkway, á sì sanwó. Bí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì yín bá bọ́ sí Texas Medical Center, ọ̀nà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgbọ̀n máìlì ni láti Katy. Aago márùn-ún kọjá ogún yẹn lẹ ó ṣì máa jáde.

Ohun kejì, ẹ béèrè bí ilẹ̀ ilé náà bá wà lẹ́yìn ìdídò Addicks tàbí Barker. Nígbà ìjì Harvey, ní August 2017, omi kún ẹ̀yìn àwọn ìdídò méjèèjì títí ó fi wọ ilé àwọn èèyàn tí wọn ò mọ̀ rárá pé ibi tí omi ìdídò lè kún dé ni wọ́n kọ́ ilé sí. Inṣọ́ránsì ilé lásán kì í san owó omíyalé. Ọ̀tọ̀ ni ti omi. Èyí tí ìjọba àpapọ̀ ń ṣe sì máa ń gba ọgbọ̀n ọjọ́ kó tó ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá dúró títí ìjì fi yọ lójú agbami kó tó rà á ti pẹ́ jù.

ẸniTóPadàWá | Àìkú, 8:51 alẹ́

N kò fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo kà nípa bàtà tí ẹ ń wọ̀ fún àwọn ìbejì lálẹ́, mo rí ara mi.

Largo, lẹ́bàá Bowie, la wà tẹ́lẹ̀. A ta ilé wa ní 2019, a kó lọ sí Fort Bend County lẹ́bàá Houston, ilé tuntun, àwa la kọ́kọ́ gbé inú rẹ̀. Ọdún àkọ́kọ́ dùn, mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ ìyẹn. Àwọn ọmọ ń gun kẹ̀kẹ́ ní òpópónà títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ní ọdún kejì, lẹ́tà kan dé láti ọ̀dọ̀ àwọn tó yá wa lówó. Ọkọ mi kà á lórí ìdúró lẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó, ó tún un kà. Owó tí à ń san lóṣù fò láti 2,240 sí 2,910. A rò pé àṣìṣe ni. Kì í ṣe àṣìṣe. Ọjọ́ kìíní January ni wọ́n máa ń wo iye ohun ìní láti gbé owó orí lé e. Ní January ọdún tí a rà á, ilẹ̀ ṣófo ni, ilé ò tíì sí lórí rẹ̀. Owó orí ilẹ̀ ṣófo ni wọ́n fi ṣírò owó tí à ń san sínú escrow (àpamọ́ tí àwọn tó yá wa lówó fi ń san owó orí àti inṣọ́ránsì) ní ọdún àkọ́kọ́. Nígbà tí ti ilé dé, a ní láti máa san èyí tuntun, kí á sì dí àlàfo èyí tó ti kọjá papọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa, a kò sì béèrè.

Ó wá di February 2021. Iná lọ nígbà tí òtútù mú gbogbo Texas. Ọjọ́ kẹta ni tiwa tó dé. Yàrá kan la kó sí, àwa márààrún, a wọ kóòtù lé kóòtù. Páìpù tó wà lókè àjà bẹ́ lóru. Mo gbọ́ ohùn kan bíi ti ẹni tó ń ya bébà, mo tan iná fóònù, mo sì rí i tí àjà ń wọ́ sísàlẹ̀, tó rọ̀ bíi páálí tí òjò pa. Ó já lulẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì àbíkẹ́yìn mi. Ọmọ náà kò sí lórí rẹ̀, torí inú kóòtù mi ló wà. Inṣọ́ránsì san díẹ̀, ó sì gbówó lórí ní ọdún tó tẹ̀lé e.

Ṣùgbọ́n èyí kọ́ ló gbé wa padà ní 2022. Bí ọmọ bá ní ibà ní Largo, mo mọ ilẹ̀kùn mẹ́ta tí mo lè kàn. Níbẹ̀, n kò ní ọ̀kan. Ọkọ mi lo gbogbo ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ lórí ibà ọmọ. Ìyá Ìbejì, ìyá tó ń tan iná dè yín yẹn, ẹ fi í sínú ìṣirò. Ilé tí a tà ní Largo, nígbà tí a padà dé, agbára wa kò ká a mọ́. Ayálégbé la jẹ́ títí di òní.

BàbáKaty | Àìkú, 10:20 alẹ́

Arábìnrin wa, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Àwa náà wà nínú òtútù yẹn. Nígbà ìjì Beryl ní July 2024, iná tún lọ, a wà nínú ooru fún ọjọ́ mẹ́rin pẹ̀lú màmá. Jẹnẹrétọ̀ ni mo rà lẹ́yìn rẹ̀. Òótọ́ lẹ sọ.

Ṣùgbọ́n n ò fẹ́ kí àwọn tó ń kà á rò pé àṣìṣe ni fún gbogbo èèyàn. Ẹni tó jẹ́ ayálégbé ní Maryland, tí kò ní èlé 2.875 tó máa jù nù, tí iṣẹ́ rẹ̀ ń tẹ̀ lé e lọ síbikíbi, ìṣirò tirẹ̀ yàtọ̀. Èmi jèrè, torí ohun tí mo fi sílẹ̀ ní New Jersey wúwo ju ohun tí mo bá níbí lọ, mo sì ra ilé ní àdúgbò àtijọ́ tí MUD rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

OníṣiròOwó | Àìkú, 10:48 alẹ́

Bàbá Katy, ọ̀rọ̀ yín gún régé. Ibi tí èèyàn ti ń bọ̀ ló ń sọ bóyá ó jèrè.

Nọ́ọ̀sìAlẹ́ | Ajé, 4:33 ìdájí

Mo wà lẹ́nu iṣẹ́, n óò ṣe é ní ṣókí. Maryland àti Texas jọ wà nínú àdéhùn ìwé àṣẹ nọ́ọ̀sì, torí náà bí ẹ bá ní ìwé Maryland tó wà fún ìpínlẹ̀ púpọ̀, ó lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá dé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti sọ ibẹ̀ di ibùgbé, láti January 2024 òfin ní kí ẹ béèrè ìwé ti ìpínlẹ̀ tuntun láàárín ọgọ́ta ọjọ́. Ẹ má jẹ́ kó kọjá.

Ohun tó dunni ni owó wákàtí. Nígbà tí mo béèrè iṣẹ́ lẹ́bàá Houston, ohun tí wọ́n fẹ́ fún mi fi dọ́là mẹ́rin dín sí ohun tí mò ń gbà ní Maryland. Ó dà bíi pé kò tó nǹkan. Wákàtí 36 lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 52, fẹ́rẹ̀ẹ́ 7,500 lọ́dún ni. Ẹ gba ìwé iṣẹ́ sọ́wọ́ kí ẹ tó kan pátákó "ilé títà" mọ́lẹ̀.

Àti pé, Ìyá Ìbejì, kí ló dé tí ẹ ṣì ń lọ sí Washington? Ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n ṣí ní Largo ní 2021 kò jìnnà sí yín rárá. Ẹ wo ohun tí wọ́n ń san kí ẹ tó wo Texas.

ÌyáÌbejì | Ajé, 9:05 alẹ́

Mo ti ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì kà á fún ọkọ mi sókè. Ó dákẹ́ nígbà tó dé orí ìṣirò. Arábìnrin tó padà wá, ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́. Mo sunkún nígbà tí mo dé ibi àjà yẹn.

Ọkọ mi ní ìbéèrè kan: bí a kò bá ta Bowie, tí a fi í sílẹ̀ fún ayálégbé, tí a lọ yá ilé gbé ní Katy fún ọdún kan, ṣé kò ní sàn jù? Èmi náà sì ní tèmi: kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí owó yunifásítì àkọ́bí mi?

OníṣiròOwó | Ajé, 10:30 alẹ́

Ti ilé: ó ṣeé ṣe, ó sì sàn ju kí ẹ tà á lọ, torí èlé yín á wà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ọjọ́. Bí tọkọtaya bá ta ilé tí wọ́n gbé fún ó kéré tán ọdún méjì nínú ọdún márùn-ún tó ṣáájú títà, èrè tí kò bá ju 500,000 lọ kò ní owó orí ti ìjọba àpapọ̀. Bí ẹ bá kó jáde, ọdún mẹ́ta lẹ ní kí àǹfààní yẹn tó bọ́. Owó tí ayálégbé bá ń san, Maryland á ṣì gba tirẹ̀ lórí èrè rẹ̀, níbi yòówù kí ẹ máa gbé. Bí ẹ bá sì tà á nígbà tí ẹ kì í ṣe ará Maryland mọ́, wọ́n á di apá kan owó náà mú lọ́jọ́ títà títí ẹ ó fi yanjú owó orí. Ẹ tún ka oṣù tí ilé lè ṣófo mọ́ ọn.

Ti ọmọ: èyí lẹ̀rù bà mí sí jù. Iye tí wọ́n ń gba lọ́wọ́ ọmọ ìpínlẹ̀ ní University of Maryland kéré gan-an sí ti àlejò. Bí òbí bá ti kó lọ, ọmọ tó ṣì wà lábẹ́ wọn lè di àlejò. Texas náà máa ń béèrè ìbùgbé oṣù méjìlá kó tó ka ọmọ sí tirẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ lọ báyìí kó tó wọ kíláàsì kọkànlá, tàbí kí ẹ dúró títí yóò fi parí yunifásítì. Àárín méjèèjì ló burú jù.

ẸniTóPadàWá | Ajé, 11:02 alẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè kan péré. Ṣé ilé yín ní yàrá abẹ́ ilẹ̀? Àwọn ilé kan ní Bowie ní in. Houston kì í sábà ní, a kan gbé ilé lé kọnkéré ni.

ÌyáÌbejì | Ìṣẹ́gun, 6:40 àárọ̀

Ó ní in. A kò parí ẹ̀. Páálí àti ẹrù àtijọ́ ló kún ibẹ̀.

ẸniTóPadàWá | Ìṣẹ́gun, 7:15 àárọ̀

Ìyá Ìbejì, ohun tí ẹ kọ́kọ́ kọ ni pé ọmọ yín ń kàwé nínú bàlùwẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni owó orí dé. Àwa náà, yàrá kan péré ló dín lọ́wọ́ wa nígbà náà, ìpínlẹ̀ la sì fi sílẹ̀ nítorí rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ kí èèyàn sùn níbẹ̀, òfin ilé kíkọ́ béèrè fèrèsé tí èèyàn lè gbà jáde bí iná bá ṣẹ́ yọ. Ibi tó bá ṣí gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 5.7 onígun mẹ́rin (square feet), kó má sì ga jù lára ògiri. Ẹ gba ìwé àṣẹ kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ẹ gba iye lẹ́nu oníṣẹ́ mẹ́ta, kí ẹ wá fi wé 30,000 tí alágbàtà àti ìwé títà máa gbé lọ.

BàbáKaty | Ìṣẹ́gun, 7:50 àárọ̀

Èmi tí mo ní kí ẹ máa bọ̀ fara mọ́ èyí. Ẹ yanjú ti ọmọ náà ná. Katy ò ní sá lọ.

ÌyáÌbejì | Ọjọ́bọ̀, 9:37 alẹ́

Mo padà wá jábọ̀ fún yín.

Mo ti pe Largo. Owó wákàtí wọn fi dọ́là kan dín sí ti Washington, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni láti ẹnu ọ̀nà mi. Wọ́n ní kí n wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọkọ mi pe àbúrò rẹ̀, ó ní a ò bọ̀ lọ́dún yìí. Ìyẹn bínú díẹ̀, lẹ́yìn náà ó béèrè iye tí wọ́n ń ta páálí ògiri ní Maryland, torí iṣẹ́ ọwọ́ ló ń ṣe. Ó ní òun lè wá lo ọ̀sẹ̀ méjì.

Lánàá, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, gbogbo wa sọ̀ kalẹ̀ lọ sí abẹ́ ilẹ̀ pẹ̀lú okùn ìwọ̀n. Fèrèsé tó wà níbẹ̀ fẹ̀ ní ínǹṣì 32, gíga rẹ̀ jẹ́ 16. Kò tó. Wọ́n á ní láti gbẹ́ ilẹ̀ níta, kí wọ́n sì gé kọnkéré. Oníṣẹ́ àkọ́kọ́ ń bọ̀ wá wò ó lọ́jọ́ Sátidé.

Nígbà tí mo dé láti ibi iṣẹ́ nírọ̀lẹ́ òní, mo bá àkọ́bí mi nísàlẹ̀ níbẹ̀. Ó ti to páálí mẹ́ta léra wọn, ó tẹ́ aṣọ lé e, ó gbé iná tábìlì sí i, ó ń ṣe ìṣirò. Mo sọ fún un pé kò gbọ́dọ̀ sùn níbẹ̀ títí fèrèsé yóò fi wà. Ó ní òun gbọ́, kò gbé ojú sókè.